Ẹni Tó Ń Di Ẹsẹ̀ Mú

Ilẹ̀kùn ilé Àwẹ̀ró kọ̀ mí. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ iná, igbá òrí lọ́wọ́ òsì, ìkòkò omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ewúrẹ́ bá kọjá, kò ṣí fún mi. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí mi lọ́rùn ọwọ́ ti pọ́n bí ojú ẹni tó fi ọwọ́ ata nu ojú.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Ìbíwùmí," ni ohùn kan wí láti orí àtẹ́rígbà. "Aláìsàn wà nínú ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn."

Awádìí nìyẹn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wa. Ó wà lórí àtẹ́rígbà gbogbo ilé tó wà ní Orí-Òkè, ojú kan ṣoṣo tí kò tóbi ju ẹyọ ẹkùrọ́ lọ. Ohùn ọmọbìnrin ni wọ́n fún un, ohùn ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé. Kì í bú èèyàn. Kì í gbàgbé orúkọ. Bó bá fẹ́ lé ọ lọ, á kọ́kọ́ kí ọ.

"Mo gbọ́," ni mo wí. "Aláìsàn náà ni mo wá wò."

"Ẹ̀yin gan-an ni kò gbọdọ̀ wò ó, Ìyá."

Ìyá Gbóyèga, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti Àwẹ̀ró, ń sá aṣọ sórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ tútù padà sínú abọ́, ó sì fi etí gèlè bo imú. Ọkọ rẹ̀ ò tíì jáde láti ìgbà ọyẹ́. Bí ẹ bá bi í, á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn mọ́ ní Orí-Òkè. Ó kàn ń rẹ̀ wọ́n ni, títí tí wọ́n á fi gbé wọn jáde.

"Igún ti bà," ó sọ ọ́ fún aṣọ ọwọ́ rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi. "Kí oníkálukú kó ti ilé rẹ̀."

"Igún kì í pa ẹran, Ìyá Gbóyèga. Òórùn ló ń pè é."

"Ẹ̀yin àti òórùn yín ẹ ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ ṣáà má wo ọ̀dọ̀ tiwa."

Ó wọlé. Ilẹ̀kùn tiẹ̀ yára pa dé bí ẹni pé òun náà gbọ́ èébú.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ní orúkọ. Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Bí ẹnì kan bá ń múra àtilọ, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí. Mà á wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mà á fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mà á di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, mà á wá máa kì í. Nítorí kí ẹni ẹni má fi ẹsẹ̀ tútù wọ ibi tó ń lọ bí àlejò tí kò lẹ́ni. Kò tún sí òmíràn. Mi ò fún èèyàn lágbo, mi ò gún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Awádìí rí mi tí mo wọlé, ó rí i tí wọ́n gbé òkú jáde. Ó rí mi nílé mìíràn, òkú mìíràn tún jáde. Ó to gbogbo rẹ̀ jọ. Kò bèèrè ẹni tó ránṣẹ́ pè mí. Lójú tiẹ̀, ohun tó bá ṣíwájú ni bàbá ohun tó tẹ̀lé e. Ni àwọn aláṣẹ Orí-Òkè bá fi ẹ̀gbà sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ wọ ilé aláìsàn mọ́, àti pé ilé tó bá gbà mí wọlé, wọ́n á kó tọmọtìyá ibẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀.

Wọ́n kọ òwe kan sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, tí èmi tí mi ò kàwé tó nǹkan náà lè kà: BÍ KÒ NÍDÌÍ, OBÌNRIN KÌ Í JẸ́ KÚMÓLÚ. Òdodo ni. Mi ò bá òwe jà. Kí wọ́n tó sọ obìnrin ní Kúmólú, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló wá sọ fún yín pé obìnrin tó jókòó ti òkú ló pa á?

Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, Morádéùn sì yọ jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọ Àwẹ̀ró ni. Ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń bọ́ Awádìí ní ọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde.

"Dìde, Morádéùn. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ pẹ́, ó ní nǹkan tó fẹ́ gbà."

"Kí ẹ máa lọ sílé ni mo fẹ́, mà."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Láti àná ni wọ́n ti ń bèèrè yín. Mo ní ẹ rin ìrìn-àjò."

"Ó gbà?"

"Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ẹsẹ̀ yín ò lè gbé yín dé ìdí àtẹ̀gùn, ká tó wá sọ ti ìrìn-àjò."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e sínú pósí, á ní pósí náà fún mọ́ ọn.

Morádéùn ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ Ìsàlẹ̀, mà. Lórí ẹní ni omi ti ń bá wọn. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n á kó wa lọ."

"Mo mọ̀."

"Àdéhùn tí ẹ̀yin àti màámi jọ ṣe pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, èkejì á di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo mọ̀ ọ́n, mà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò sí Awádìí nígbà yẹn." Ó wolẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́?"

"Kí ni òótọ́?"

"Awádìí ló wí fún wa pé ọ̀dà ara ibùsùn ló ń mú ọmọ Ìbíwùmí wúkọ́. A yọ ibùsùn, ikọ́ lọ. Ẹ gbà á gbọ́ nígbà yẹn, mà. Ẹ jó."

"Mo jó." Mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ọmọ náà ì bá ti kú.

"Tóò. Gbogbo ẹni tí ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ló kú. Gbogbo wọn pátá. Kò sí ẹyọ kan tó dìde. Ẹ sọ fún mi, mà, kí ni kí n gbà gbọ́?"

Kí ẹ má rò pé mo jẹ́ ọlọ́gbọ́n tó ní èsì lápò. Ohun tó bi mí yẹn, mo ti bi ara mi rí. Mo ti rí ẹni tó ń bá èémí jà láti àárọ̀, tó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu mi, tó mí kanlẹ̀, tó lọ. Bóyá èmi ni wọ́n ń dúró dè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé mo pa wọ́n ni, àbí mo ṣílẹ̀kùn fún wọn? Mi ò mọ̀. Mo ti rò ó títí, orí fọ́ mi.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni mo wí. Mo gbé ìkòkò mi, mo yípadà.

Mo rìn dé orí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi ti ń dúdú padà, tó fi hàn pé mo ti di ọmọ dáadáa. Ibẹ̀ ni ìyá ìyá mi ti wá bá mi.

Kì í ṣe òkú rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ní abúlé wa, kí òkun tó gba etíkun, kí a tó di ará orí òkè, òun ni wọ́n ń pè bí ara ọmọdé bá gbóná. Á fi àdí pa ọmọ lára, á máa rọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ń yè. Ọmọ kan kò yè. Òru ni wọ́n pè é, nígbà tí ọmọ ti ń yí ojú. Àárọ̀ ni ọmọ lọ. Mo wà lẹ́yìn ìyá mi, mo di ìró rẹ̀ mú, nígbà tí ọkùnrin kan dìde láàárín èrò, tó wí pé: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Gbogbo èrò sì mi orí, nítorí pé òwe ni, ta ni yóò bá òwe jiyàn? Bí wọ́n ṣe lé e lọ sí ahéré oko nìyẹn. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí ẹni tó lọ wo pàkúté rí òkú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló wà níta ẹnu ọ̀nà ahéré, bí ẹni tó nà wọ́n síta kí ẹnì kan lè bá òun dì wọ́n mú.

Wọ́n ní ayé ti yí. Ó yí lóòótọ́. Ẹnu tó ń sọ ọ́ nígbà náà ní eyín, èyí tó ń sọ ọ́ báyìí kò ní.

Mo padà.

Morádéùn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo fi ìdí kanlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, mo na ẹsẹ̀, mo gbé ìkòkò sí ẹ̀gbẹ́ kan, igbá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbà pọ́n.

"Ìyá Ìbíwùmí, ẹ padà sẹ́yìn," ni Awádìí wí.

"Jẹ́ n bi ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ṣé ara ilé Àwẹ̀ró ni?"

"Rárá, Ìyá. Ti gbogbo ènìyàn ni."

"Èmi náà ńkọ́, ṣé ènìyàn ni mí?"

"Ènìyàn ni yín, Ìyá."

"Ó tán. Mo jókòó sórí ohun tó jẹ́ tèmi." Mo gbé ojú sókè, mo kígbe mọ́ ilẹ̀kùn. "Àwẹ̀ró!"

Ohùn kan jáde láti inú, ó tín-ín-rín bí òwú. "Ta ló ń lọgun bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù?"

"Èmi ni."

"Àtọ́kẹ́. Wọ́n ní o rin ìrìn-àjò. O ti dé?"

"Mo ti dé. Ọ̀nà jìn."

"Kí lo mú bọ̀?"

"Òrí."

"Ṣé kì í ṣe èyí tó máa ń rùn yẹn?"

"Òun náà ni."

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí ikọ́ lọ, kò ṣe àwàdà mọ́. "Ẹsẹ̀ mi tutù, Àtọ́kẹ́. Ó tutù gan-an."

Mo wo Morádéùn. Omi ti dé ojú rẹ̀, kò nù ún. "Mi ò ní wọlé," ni mo wí fún un. "Ilé yín dọwọ́ yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

Ọmọ tó gbọ́n ni, ó yé e. Síbẹ̀ kò dìde. Mo rí i tó wo ojú orí àtẹ́rígbà, tó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń bọ́ Awádìí lójoojúmọ́. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀bẹ̀ mi ni yóò ṣe é, kì í ṣe òun. Lẹ́yìn náà ó dìde, ilẹ̀kùn ṣí fún un, ó wọlé. Mo gbọ́ bí ẹní ṣe ń wọ́ nílẹ̀, ṣìì, ṣìì, àti Àwẹ̀ró tó ń ráhùn pé ṣé àpò ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fà ni. Ilẹ̀kùn tún ṣí. Morádéùn fi ẹ̀yìn tì í kó má baà pa dé. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró yọ síta, sórí ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Mo mọ ẹsẹ̀ yẹn ju ti ara mi lọ. Nígbà tí òkun lé wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé. Mi ò wo iwájú, mi ò wo ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ Àwẹ̀ró tó sán ni mò ń wò, tó ń lọ sókè, tó ń lọ sílẹ̀, títí a fi dé orí òkè yìí.

"Ìyá Ìbíwùmí," ni Awádìí wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn. "Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò kú."

"Yóò kú."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tìrẹ nìkan ló ti jẹ́ ìròyìn."

Mo ti ọwọ́ bọ omi. Mo wẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀, mo wẹ àárín ọmọ ìka, mo fi ìró mi nù ún. Mo bu òrí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, mo fi pa á títí òtútù fi ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Mo di méjèèjì mú. Mo gbé ohùn sókè kó lè dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ọmọ afẹsẹ̀-rìn-níbi-ọkọ̀-kọ̀,
Òkun lé e, kò sáré, ó ń rìn.
Àwẹ̀ró a-bú-ni-láàárọ̀-bu-oúnjẹ-fún-ni-lálẹ́,
Ó fún mi lómi, ó ní kí n má mu ún tán.
Máa rọra, má ṣe kánjú,
Ọ̀nà tó ò ń lọ mọ̀ ọ́—"

"O fo ibi tí mo ti na ọkọ mi."

"Ọmọ rẹ wà níbí, Àwẹ̀ró."

"Má fò ó."

Mo kì í síbẹ̀. Mo kì í bó ṣe gba ọmọ orógùn mọ́ ọkọ lọ́wọ́, tó fi lé e kúrò nídìí ọbẹ̀ tí kò tíì jinná. Morádéùn tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan ṣí níbi kan, tí kò pa dé. Mi ò wo ibi tó jẹ́. Mò ń ṣiṣẹ́.

Oòrùn ti bọ́ sára irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń sọ pé ó dàbọ̀. Ẹsẹ̀ náà wúwo. Ó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná bó ṣe ń lọ, mo fi orí mi búra.

"Èémí ti dúró," ni Awádìí wí. "Ẹ kú ìdúró tì. Ìdí ikú: Ìyá Ìbíwùmí. Ilé kò jẹ̀bi, nítorí pé Ìyá kò wọlé."

"Awádìí," ni Morádéùn wí, "èmi ni mo fa màámi—"

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni mo wí. "O lọ́mọ." Mo gbé ojú sókè sí ojú ẹkùrọ́ yẹn. "Mo gbọ́ tìrẹ. Wá gbọ́ tèmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kún fún èèyàn. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀kọ mímu síwájú rẹ̀, nítorí kí wọ́n má baà kà á sí wọn lọ́rùn. Wá ìdí ìyẹn fún mi."

"Ìyá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo bo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó wá gbé mi lọ sí Ìsàlẹ̀, sí ibi tí omi ti ń bá wọn lórí ẹní. Ìbíwùmí ọmọ mi ti bá mi di ẹrù, ó sì jókòó sórí ẹrù náà tó ń sunkún bí ẹni pé ó lè fi ìdí tẹ ọkọ̀ náà dúró. Mo ń sọ fún un pé mo ti rí omi tó ju ti Ìsàlẹ̀ lọ, nígbà tí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, tó ń sáré bọ̀.

Ìyá Gbóyèga ni. Kò fi gèlè bo imú. Kò tiẹ̀ wé gèlè.

"Ìyá," ó wí.

"Igún lo pè mí lánàá."

"Ẹ fi orí jì mí, mà." Ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá Gbóyèga gbọ́ yín. Òun ló ní kí n ṣílẹ̀kùn kó lè gbọ́ oríkì náà dáadáa. Kò sùn mọ́júmọ́. Ó ń bi mí pé ta ni yóò ki òun báyẹn, mi ò sì mọ oríkì rẹ̀ dé ìdajì. Àárẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é, mà. Ó ń kú lọ."

"Wọ́n á kó yín wá bá mi ní Ìsàlẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ilẹ̀kùn yín kò sì ní ṣí fún mi."

Ó gbé ojú sókè. "Mo ti fi ọmọ odó há a, mà. Bó bá lè pa dé, kó pa dé."

"Ìyá Ìbíwùmí," ni ọkọ̀ náà wí, ohùn kan náà, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Àkókò ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

"Dúró," ni mo wí fún un. "Wọ́n ránṣẹ́ pè mí."

Mo fa igbá òrí mi yọ láàárín ẹrù. Bí mo ṣe kọjú sí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo ká apá bùbá mi sókè dé ìgúnpá, kí ojú Awádìí lè rí i dáadáa.